Lẹ́tà Tó Dé Fìlà

Ìbíyẹmí ti ki ọwọ́ bọ inú Akéde, ẹ̀rọ tó ń pe orúkọ fún ìlú, dé ìgúnpá nígbà tí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ kọ̀, tí kò ṣí. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá Ìgbìmọ̀ ni. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀kùn náà gbì gbì, ó sì ń lọgun orúkọ ara rẹ̀, àfi bí ẹni tó gbàgbé pé èèyàn kì í pe ara rẹ̀ kí ilẹ̀kùn ṣí ní Orí-Àpáta. Akéde ló ń pe èèyàn.

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé ìwẹ̀," ni obìnrin kan ké sí i láti àárín èrò. "Wọ́n ń tún ahọ́n Akéde ṣe ni."

"Ṣé ìgbà tí ọṣẹ wà lójú mi ni wọ́n rí tún un ṣe?"

Èrò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí Akéde bá dákẹ́, ìlú ti dákẹ́ nìyẹn. Òun ní í pe ilẹ̀kùn, òun ní í pe iná, òun náà ní í pe omi. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, omi á sì máa gun òkè bọ̀ wá bá àdúgbò tó bá pè. Èyí tí kò bá pè, ó di ọ̀la kí wọ́n tó rí omi bù. Ìbíyẹmí wo òjìji òpó tó dúró láàárín àgbàlá. Ó ti ń kúrú.

"Ìbíyẹmí," ni Alàgbà Látúnjí, alága Ìgbìmọ̀, pè é láti orí àga. "Ìwọ ni olùtọ́jú ahọ́n Akéde, kò sẹ́ni tó mọ òfin rẹ̀ jù ọ́ lọ. Sọ ọ́ sétí àwọn èèyàn, kí wọ́n má baà sọ lọ́la pé a ò kìlọ̀ fún ọ."

"Ẹni tó bá yí ahọ́n Akéde padà, orúkọ tirẹ̀ ni ahọ́n náà yóò kọ́kọ́ pè. Bí kò bá lè pè é, ẹni náà kò lórúkọ mọ́. Bí omi ọ̀sán bá sì kọjá tí Akéde kò tíì fọhùn, ẹni náà kò lórúkọ mọ́."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí o sọ?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀rù sì ń bà á. Ojoojúmọ́ ló ń rí àwọn tí kò lórúkọ lẹ́nu ibodè, tí wọ́n ń dúró de ẹni tí ilẹ̀kùn máa ṣí fún, kí wọ́n lè yọ́ tẹ̀lé e wọlé. Ẹlòmíràn nínú wọn ti jẹ́ olóyè rí. Ní báyìí, ọmọdé kò kí wọn.

Ẹni tí Ìbíyẹmí torí rẹ̀ kówọ́ bọ ẹnu Akéde dúró níwájú Ìgbìmọ̀, láàárín oníbodè méjì. Ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ará Ìsàlẹ̀-Òkun, níbi tí òkun ti gba ilé lọ́wọ́ onílé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Láti ìgbà tí wọ́n ti gun òkè wá ló ti ń nu ekuru ọyẹ́ kúrò lójú àwọn pátákó oòrùn tí ìlú fi ń rí iná, ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n sì ní kó fi nù ún. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ajíbóyè, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wúkọ́ sínú etí aṣọ. Ikọ́ náà kì í ṣe ikọ́ ẹni tó lè dúró de ọdún márùn-ún.

"Ẹ jẹ́ ká tún gbọ́ ohun tí Akéde pè ní ibodè lọ́jọ́ náà," ni Alàgbà wí.

Olórí oníbodè tẹ bọ́tìnnì kan lára àmùrè rẹ̀. Ohùn Akéde jáde, tútù, kò yára, kò falẹ̀: "Dúró. Sìn mí."

"Ẹ fetí yín gbọ́ ọ," ni olórí oníbodè wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ ibodè, Akéde ò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ rí. Orúkọ ni mo ń retí, àṣẹ ni mo gbọ́. Ó ní kí ọmọ yìí dúró kó sìn òun. Ta lèmi tí mà á ní kó máa lọ?"

Bàbá Ajíbóyè na ọwọ́ sókè kí wọ́n tó fún un láyè.

"Ẹ jọ̀wọ́, Alàgbà. Ọmọ mẹ́ta ni mo fọwọ́ ara mi sin kí èyí tó dé. Nígbà tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, mi ò wá orúkọ aláràbarà kankan. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dúró, kó sin mí. Kì í ṣe 'sìn' o. 'Sin' ni, bí a ti ń sin òkú. Mo ní kó jẹ́ òun ló máa gbẹ́lẹ̀ fún mi, kí èmi má tún gbẹ́lẹ̀ fún ọmọ mọ́. Dúrósinmí lorúkọ ọmọ mi. Mi ò rán an ní ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni."

Ọkùnrin inú ilé ìwẹ̀ pàápàá sinmi ilẹ̀kùn gbígbá.

"Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, Bàbá," ni Alàgbà Látúnjí wí, òótọ́ ló sì sọ, nítorí ojú rẹ̀ ti rọ̀. "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ̀yin náà sì wolé. Ṣùgbọ́n etí mi kọ́ ni òfin. Ohun tí Akéde bá pè, òun ló dúró."

"Ìdí tí mo fi kówọ́ bọ ẹnu rẹ̀ nìyẹn, sà," ni Ìbíyẹmí wí. Ó yọ ọwọ́ jáde, ó sì nù ún mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Nínú ikùn Akéde, nọ́ńbà ni gbogbo wa. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nọ́ńbà ni mí níbẹ̀; ẹ̀yin náà, nọ́ńbà ni yín, ẹ má bínú. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá béèrè wa ló tó ń sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀. Àwa tí wọ́n bí síbí, bàbá wa ló fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ wa sí i létí lọ́jọ́ ìkómọ, ohùn bàbá wa náà ló sì ń gbé jáde. Kò ka orúkọ wa rí. Orúkọ àlejò nìkan ló ń kà."

"Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Kò mọ̀wé dáadáa, sà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alàgbà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sọ fún un pé kó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Lẹ́tà àwọn òyìnbó àtijọ́ nìkan ni àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é fi sí i nínú, lẹ́tà tí kò ní àmì lórí, tí kò ní àmì nísàlẹ̀. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìgbà náà pé bí Akéde bá pàdé lẹ́tà tí kò mọ̀, kí ni kó ṣe? Ṣé kó kọ̀, kó dákẹ́? Ṣé kó rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè? Àbí kó fò ó, kó máa lọ bí ẹni pé kò rí nǹkan kan? Àwọn àgbà ní kó fò ó."

"Kí omi má baà dúró ni," ni Alàgbà wí. "Fífò náà ti ṣe wá lóore púpọ̀."

"Ó ṣe wá lóore, sà. Ó sì ń ṣí àlejò ní fìlà. Àmì orí lẹ́tà, fìlà rẹ̀ ni. Àmì abẹ́ rẹ̀, bàtà rẹ̀ ni. Orúkọ ọmọ yìí dé ibodè tòun ti fìlà, Akéde fo gbogbo rẹ̀, ó wá ku orúkọ kan tó ṣorí borokoto. Ló bá méfò. Èwo ló ń gbọ́ jù nílùú wa, 'sìn' àbí 'sin'? Iná oòrùn la ń kó òkú wa fún. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ níhìn-ín pé òun fẹ́ sin èèyàn."

Bàbá Ajíbóyè mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kó mọ irú ìlú tó wọ̀.

"Kí lo wá ṣe sí i?" ni Alàgbà béèrè.

"Àwọn baba ńlá ẹ̀rọ ṣe àdéhùn kan nígbà láéláé, Yúníkóòdù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tó wọ bàtà àti èyí tó ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán. Mo ti fi àdéhùn náà sí Akéde lẹ́nu. Mo sì ti yọ 'fò' kúrò. 'Kọ̀' ni mo fi rọ́pò rẹ̀."

Ariwo sọ. Kódà àwọn oníbodè wojú ara wọn. Akéde tó lè kọ̀, Akéde tó lè dákẹ́ lórí orúkọ kan ṣoṣo kí gbogbo ìlú má rí omi mu!

"Ó sàn kó dákẹ́ ju kó parọ́ mọ́ èèyàn lọ," ni Ìbíyẹmí wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le tó bó ṣe fẹ́.

"Ó dáa," ni Alàgbà wí. "Orúkọ tìrẹ ló kàn."

Ìbíyẹmí mọ ohun tó fẹ́ pàdánù, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, síbẹ̀ òun ló ṣì ń pè é lẹ́nu ilẹ̀kùn láràárọ̀, ohùn ọkùnrin tí inú rẹ̀ ń dùn lọ́jọ́ ìkómọ, tí ọtí díẹ̀ wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bí ahọ́n tuntun bá ti kà á jáde, ohùn yẹn kò ní padà mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó ti jáde, ó ti wọlé, ó tún ti jáde, kí ilẹ̀kùn lè pè é léraléra. Ó dùn ún wọra. Ó wá wo ikọ́ tó ń mi èjìká Bàbá Ajíbóyè, ó sì rántí pé bàbá tẹni yìí ṣì wà láyé.

"Akéde, pè mí."

Ohùn kan tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ketekete, gbogbo àmì rẹ̀ pé: "Ìbíyẹmí."

Èrò pariwo ayọ̀. Ìbíyẹmí mí kanlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òfin kìíní. Ó nu ojú, ó sì yíjú sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an.

"Akéde, pe ọmọ Bàbá Ajíbóyè."

"Mo kọ̀," ni Akéde wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀ rí. Iná ògiri àgbàlá dúró sójú kan. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìlú, àwọn ilẹ̀kùn tó fẹ́ ṣí tì padà, èèyàn sì gbọ́ bí wọ́n ti ń tì, kó, kó, kó. Òjìji òpó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ òpó tán.

"Ẹ dá a padà, ẹ jọ̀ọ́!" ni ọkùnrin inú ilé ìwẹ̀ ń kígbe. "Ọṣẹ yìí ti ń gbẹ!"

Alàgbà Látúnjí dìde lórí àga, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Dá 'fò' padà, ọmọ mi. Orúkọ tìrẹ ti jáde, o ti bọ́. Bí omi ọ̀sán bá kọjá, mi ò ní lè gbà ọ́ sílẹ̀. O ti gbìyànjú. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí."

Òótọ́ ni, ohun tó sì mú kó nira nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn á ṣí, omi á gòkè, òun náà á lọ sílé lọ jẹun. Dúrósinmí nìkan ni kò ní bá wọn lọ sílé.

"Àǹtí," ni Dúrósinmí wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó la ẹnu rẹ̀. "Ẹ dá a padà. Ọdún márùn-ún á pé. Ẹ má fi orúkọ yín ṣòfò nítorí tèmi."

"Bí bàbá rẹ bá kú kó tó pé ńkọ́?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, omi sì lé sí i lójú.

Ìbíyẹmí yíjú sí ògiri tó ń tàn, níbi tí orúkọ ọmọ náà hàn sí gàdàgbà. Kí ló dé tí Akéde ka tòun, tí kò ka ti ọmọ yìí? Irú àmì kan náà ni, irú lẹ́tà kan náà ni. Ojú rẹ̀ kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ó wá rántí pé ojú kọ́ ni Akéde fi ń kàwé.

"Akéde, lẹ́tà mélòó lo rí nínú orúkọ yìí?"

"Méjìlá."

Ó fi ìka ka ti ara ògiri. Ó tún un kà. Mẹ́sàn-án ni.

"Bàbá," ni ó wí, "ta ló kọ orúkọ yìí?"

"Èmi ni. Nínú ọkọ̀ wa ni, lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi ń mọ ibi tí ẹja wà. Àgbà ẹ̀rọ ni, ara rẹ̀ ò yá mọ́. Bí mo bá tẹ lẹ́tà, mà á dúró dè é títí á fi jáde, mà á wá tẹ àmì rẹ̀ lé e lórí. Bó ṣe ń gbà á nìyẹn."

"Ẹ kọ́kọ́ tẹ orí, kẹ́ ẹ tó tẹ fìlà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé mo ṣe àṣìṣe ni?"

Ìbíyẹmí bú sẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé òjìji òpó. "Ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan, Bàbá. Nínú àdéhùn àtijọ́ náà, ọ̀nà méjì ló wà, méjèèjì ló sì tọ́. Níhìn-ín, a máa ń gbẹ́ orí àti fìlà pọ̀ ni, bí ère. Lọ́dọ̀ yín, orí wà lọ́tọ̀, fìlà wà lọ́tọ̀. Akéde rí fìlà mẹ́ta tó dá dúró láìsí orí, ó sì wò ó pé, 'Èèyàn wo nìyí?' Ó kọ̀. Èmi gan-an mà á kọ̀."

Ó tún ki ọwọ́ bọ ẹnu Akéde. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fẹ́ fi kún un: kó kó wọn jọ kó tó sọ ọ́, kó dé olúkúlùkù ní fìlà rẹ̀ kó tó pè é jáde. Ó ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Ẹnìkan nínú èrò ń sọ pé òjìji ti wọlé tán, ẹlòmíràn ní ó ku díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí rẹ̀. Alàgbà Látúnjí kò wo òpó. Ìbíyẹmí rí i pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ gbójú kúrò.

"Akéde," ni ó wí, "pe ọmọ Bàbá Ajíbóyè."

"Dúrósinmí."

Mí, mí, re, mí. Bí bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló ṣe jáde, ohùn méjì lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè. Dúrósinmí jẹ́ "Èmi nìyí" kí ó tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu. Bàbá Ajíbóyè bo ojú, ó sì ń sunkún bí ọmọdé, kò sì tijú.

"Ẹ dúró ná," ni olórí oníbodè wí, nítorí kò sí ayẹyẹ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ti béèrè ọ̀rọ̀. "'Sin' tó wà láàárín yẹn ò dé fìlà. Báwo la ṣe mọ̀ pé wọn ò bọ́ tirẹ̀ lọ́nà?"

"Nígbà tí wọ́n bọ́ fìlà gbogbo wọn, ta ló lè mọ̀?" ni Ìbíyẹmí wí. "Ní báyìí tí gbogbo wọn dé fìlà, ẹni tó ṣorí láàárín wọn, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i ni."

Olórí oníbodè rò ó wò. Ó wá sún sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dúrósinmí, ó sì fi ọwọ́ sọ fún èkejì rẹ̀ pé kí òun náà sún.

Omi kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Akéde bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àdúgbò, omi sì ń gun òkè, ó ń hó nínú páìpù lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ṣí, ọkùnrin náà jáde tòun ti táwẹ́ẹ̀lì, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn lára funfun. Nígbà tó rí i bí gbogbo èèyàn ti ń yọ̀, òun náà gbọ́wọ́ sókè, ó ń yọ̀ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Akéde kò sì dúró níbẹ̀. Bó ti parí àdúgbò, ó bọ́ sórí àwọn àlejò tí ó ti bọ́ fìlà lórí wọn láti ọdún mélòó kan wá. Ó pe Kòsọ́kọ́, tí bàbá rẹ̀ fi sọ pé kò sí ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n pè ní "Kò sọ́kọ̀" ní ibodè, tí wọ́n sì sọ fún un láti ìgbà náà pé kò sí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ wo ìyá rẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn, nínú pápá oòrùn, wọ́n gbọ́ tí ọkùnrin kan dáhùn. Akéde pe ẹlòmíràn, ẹlòmíràn dáhùn. Lẹ́yìn náà, wọn ò lè mọ ẹni tó ń dáhùn mọ́, nítorí wọ́n ti pọ̀, wọ́n sì ti ń gun òkè bọ̀ tòun ti àkísà ìnupátákó lọ́wọ́.

Alàgbà Látúnjí lu àga rẹ̀ kí wọ́n tó dákẹ́.

"Òfin kò yí padà," ni ó wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. "Ohun tí Akéde bá pè, òun ló dúró. Ó ti ní kí ọmọ yìí dúró lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, títí yóò fi sin ín. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un kúrò níbẹ̀ kó tó jẹ́ iṣẹ́ náà. A ó fún wọn nílẹ̀, ilẹ̀ tó rọ̀, tó ṣeé gbẹ́."

Bàbá Ajíbóyè nu ojú. Ó fi ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀, ó dìde, ó sì wo Ìgbìmọ̀ láti ọ̀tún dé òsì bí ẹni tó ń fura.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kán mi lójú o. Mi ò tíì múra."

"Kò sẹ́ni tó ń lé yín, Bàámi," ni Dúrósinmí wí. "Mo ti dúró."